Fíìmù Àkúdàáyà Tí Mo Fún Màmá Ilé Wa

Bí ẹ bá ń wá fíìmù òkú tó dára láti wò lóru, ọ̀kan ṣoṣo ni mo máa ń júwe. Àwọn èèyàn ò kà á sí, torí kò sí ariwo nínú rẹ̀, kò sí ẹ̀jẹ̀, kò sí iwin oníwo. Òjò ń rọ̀ sórí páànù, àtùpà ń jó, ọkùnrin kan tó ti kú sì jókòó, ó ń jẹun lọ́dọ̀ ìyàwó tó fẹ́ ní ìlú mìíràn. Àkúdàáyà ni, ìyàwó ò mọ̀. Mo ti wò ó tó ìgbà márùn-ún, orí mi ṣì máa ń wú.

Ẹnu mi tí kì í dákẹ́ ló júwe rẹ̀ fún màmá tí yàrá wọn kọjú sí tèmi ní àdúgbò Egan. Tísà tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n. Láti ìgbà tí ọmọ wọn kan ṣoṣo ti kú ní Ìbàdàn ni oorun ti dá lójú wọn, wọ́n sì ní kí n wá nǹkan táwọn á máa wò lóru. Mo kó o sínú fíláàṣì tí wọ́n lè kì bọ tẹlifíṣọ̀n wọn. Mo tiẹ̀ rò pé mo ṣoore.

Ìdájí ọjọ́ kejì, wọ́n kan ilẹ̀kùn mi. Wọ́n ti wọ bàtà, wọ́n gbé báàgì dání.

"Ìlú wo ni wọ́n ti ya fíìmù yẹn? Mo fẹ́ lọ wọ mọ́tò n'Íkòtún."

Mo rẹ́rìn-ín. "Ẹ gbádùn ẹ̀ nìyẹn, àbí?"

Wọn ò rẹ́rìn-ín. "Mi ò rí òkú ọmọ mi. Ẹ ní òbí kì í rí sàréè ọmọ ẹ̀. Inú ilé lẹ fi mí sí tẹ́ ẹ fi lọ, tẹ́ ẹ fi bọ̀. Báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀ pé kò sí níbì kan tó ń jẹun?"

Mo di ilẹ̀kùn mú. Àṣé ohun tó wà lọ́kàn wọn láti ìgbà yìí nìyẹn, èmi ọlọ́gbọ́n wá lọ gbé àkúdàáyà wọlé tọ̀ wọ́n. Ojú tì mí gan-an, torí mo wà níbi ìsìnkú náà. Mo wà lára àwọn tó gbé e sínú sàréè.

"Màmá, mo rí ojú ẹ̀," ni mo sọ. "Òun ni."

Wọ́n sún mọ́ mi. "Aṣọ wo ni wọ́n wọ̀ fún un?"

"Lẹ́ẹ̀sì funfun."

Wọ́n gbé báàgì sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà mi, wọ́n sì jókòó lé e.

"Kò tíì sẹ́ni tó sọ ọ́ fún mi," ni wọ́n wí. "Jókòó. Sọ ìyókù."