Mẹ́káníìkì Tó Mọ Ọkọ̀ Mi Jù Mí Lọ

Mi ò mutí lọ́jọ́ náà, oorun ò sì kùn mí. Ọ̀sán gangan ni, oòrùn ń ta mí lórí, èmi fúnra mi ni mo sì wa ọkọ̀ dé ibẹ̀. Ẹ gbà á gbọ́ o, ẹ má gbà á gbọ́ o, ohun tí ojú mi rí ni mo fẹ́ sọ. Ìyàwó mi nìkan ló tíì gbọ́ ọ dópin, òun náà sì ní kí n má sọ ọ́ mọ́.

Tíṣà ni mí ní Ìwó ní 1987, iṣẹ́ irin ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé girama. Dípò kí n ra ọkọ̀ gidi bí àwọn ẹgbẹ́ mi, ọkọ̀ eré-ìje àtijọ́ kan ni mo lọ rà, onílẹ̀kùn méjì, tó ní tọ́bò. Tọ́bò ni ẹ̀rọ kékeré tó ń fi agbára èéfín ọkọ̀ fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú ẹ́ńjìnnì. Bó bá ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, á máa fọn fèrè, ẹ̀yìn ẹni á sì lẹ̀ mọ́ àga.

Àwọn ará àdúgbò ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ní ọjọ́ kan ló ń rìn, ọjọ́ mẹ́fà ló ń sùn. Òótọ́ ni wọ́n sọ, ṣùgbọ́n èmi ò lè jókòó jẹ́ẹ́. Bí mo bá ti kírun àsárì tán, abẹ́ ọkọ̀ ni mò ń wọ̀. Ìyàwó mi ní bí òun bá fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀, ẹsẹ̀ mi ni òun ń bá sọ ọ́.

Ọwọ́ opó kan tí à ń pè ní Ìyá Sùlè ni mo ti rà á. Ọmọ Ìwó ni, ṣùgbọ́n Kàdúná ni òun àti ọkọ rẹ̀, Rájí, ti gbé. Rájí ló ni ọkọ̀ náà, òun fúnra rẹ̀ ló sì ń tún un ṣe. Àìsàn ọjọ́ mẹ́ta ló pa á, ní nǹkan bí ọdún méjì ṣáájú. Ojú Ìyá Sùlè ni wọ́n ṣe wẹ̀ ẹ́, ojú rẹ̀ ni wọ́n ṣe fi aṣọ funfun dì í. Kàdúná ni wọ́n sin ín sí, obìnrin náà sì kó àwọn ọmọ àti ọkọ̀ bọ̀ wálé. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn. Èmi ò rí Rájí rí, mi ò tilẹ̀ rí fọ́tò rẹ̀.

Ní ọjọ́ kan, mo gbé ọkọ̀ jáde láti dán an wò. Mo kọjá Olúpọ̀nnà, ó ku díẹ̀ kí n dé Ilé-Ogbó, ni èéfín bá bo gbogbo ẹ̀yìn mi. Mo dúró. Mo na ọwọ́ sí kọ́kọ́rọ́ láti pa á.

"Má pa á," ẹnì kan wí. "Jẹ́ kó mí díẹ̀."

Ọkùnrin kan tó wọ aṣọ iṣẹ́ aláwọ̀ ewé ló dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé mi. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé: ọkọ̀ onítọ́bò, èèyàn kì í dédé pa á. Ó gbọ́dọ̀ dúró jẹ́jẹ́ fún bí ìṣẹ́jú méjì kí ọ́ìlì lè tu tọ́bò lára, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, á jóná. Mo ti ṣàlàyé èyí fún àwọn mẹ́káníìkì Ìwó títí itọ́ fi gbẹ lẹ́nu mi. Ọkùnrin yìí mọ̀ ọ́n. Ó tún na ọwọ́ sábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, síbi ìkọ́ kan tó fara sin, tó gbà mí ní ọ̀sẹ̀ méjì kí n tó rí i, ó sì ṣí i láìwò ó.

Ẹ gbà mí gbọ́, inú mi dùn débi pé mi ò bi í léèrè ibi tó ti mọ̀ ọ́n.

Ó ní Gàníyù ni orúkọ òun. Abẹ́ igi kan lẹ́yìn ìlú ló ti ń ṣiṣẹ́, ilé rẹ̀ sì wà níbẹ̀. Ó ń gbé pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀, Ràbí, ọmọ Ilé-Ogbó, tí oyún inú rẹ̀ ti wọ oṣù méje. Ràbí sọ fún mi pé ó ti tó ọdún kan àbọ̀ tí ọkọ òun dé láti òkè ọya. Ẹbí rẹ̀ kankan ò wá wò ó rí. Àwọn àgbà ilé ìyàwó ló dúró fún un nígbà tí wọ́n so yìgì.

Gàníyù tú tọ́bò náà, ó rí i pé ríǹgì inú rẹ̀ ti gbó tán. Ó ní kò sí irú rẹ̀ ní Ìbàdàn, kò sí ní Èkó pàápàá. Mo bá padà lọ bá Ìyá Sùlè. Páálí kan wà lábẹ́ ibùsùn rẹ̀, tó kún fún àwọn ẹ̀yà ọkọ̀ tí ọkọ rẹ̀ kó pamọ́. Ó gbé gbogbo rẹ̀ fún mi lọ́fẹ̀ẹ́.

Nígbà tí mo gbé e dé Ilé-Ogbó, Gàníyù kò kọ́kọ́ fọwọ́ kàn án.

"Ta ló fún ọ?"

Mo sọ fún un.

Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀ kí Ràbí má baà gbọ́. "Tíṣà, ìwọ nìkan ni kó o máa wá síbí. Má mú ẹnikẹ́ni wá bá mi. Tó o bá mú èèyàn wá, o ò ní í rí mi mọ́, ọmọ tó ń bọ̀ yìí ò sì ní í mọ̀ mí láéláé."

"Kí ló dé, ọ̀gá? Ṣé àwọn ọlọ́pàá ni?"

"Má ṣáà mú ẹnikẹ́ni wá."

Mo búra fún un. Mo rò pé ó ń sá fún nǹkan kan tó ṣe ní òkè ọya ni. Ta ni kò ní ohun tó ń sá fún?

Ó tún ọkọ̀ náà ṣe, fèrè rẹ̀ sì dún dáadáa. Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Bí bàbá mi ṣe kọ́ mi nìyẹn, ẹ̀kọ́ yẹn ló sì kó bá mi. Mo wa ọkọ̀ lọ sílé Ìyá Sùlè, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún un nítorí páálí yẹn. Ó gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnnì, omi sì bọ́ lójú rẹ̀.

"Ta ló tún un ṣe tó dáa tó báyìí?"

"Ọ̀gá kan ni, ìyá, ní Ilé-Ogbó."

"Iṣẹ́ ọkọ mi ló bá mi parí. Ṣé n ò wá ní í fẹnu ara mi dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀ ni? Gbé mi lọ." Ó ti ń wé gèlè kó tó sọ̀rọ̀ tán, ó sì mú páálí ṣúgà kan dání.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, kí lẹ̀ bá sọ? Àgbà tó jù mí lọ, tó ṣe mí lóore, ló ní òun fẹ́ lọ dúpẹ́. Ẹnu mi ò gbà á láti sọ pé rárá. Mo sọ fún ara mi pé ẹ̀bá títì ni n ó dá a dúró sí, pé n ó bá a jíṣẹ́ ọpẹ́ náà. Ara mi ni mò ń tàn.

Ara mi ò balẹ̀ ní gbogbo ọ̀nà. Nígbà tí a dé Olúpọ̀nnà, ó ku díẹ̀ kí n parọ́ pé kílọ́ọ̀ṣì ti bàjẹ́. Obìnrin náà ń rẹ́rìn-ín, ó ń sọ ìtàn Kàdúná fún mi, mi ò sì lè yí padà.

Mo dúró lẹ́bàá títì. "Ẹ jókòó síbí, ìyá, ẹ jẹ́ kí n lọ kí wọn." Mo rìn dé abẹ́ igi. Gàníyù kúnlẹ̀ síwájú ẹ́ńjìnnì lọ́rì kan, ó ń bá a sọ̀rọ̀ bó ṣe máa ń ṣe: "Rọra, rọra, ìwọ náà." Mo gbọ́ ìró sálúbàtà lẹ́yìn mi. Ìyá Sùlè kò dúró sínú ọkọ̀.

"Bàbá Sùlè," ó wí. Kò pariwo. Bí ẹni tó ń pe ọkọ rẹ̀ wá jẹun ló ṣe pè é.

Ọwọ́ Gàníyù dúró. Kò wo obìnrin náà, èmi ló wò. Mi ò lè gbàgbé ojú yẹn. Kò bínú, ó kàn rẹ̀ ẹ́ ni.

"Mo sọ fún ọ, Tíṣà."

Ó fi sípánà lélẹ̀, ó nu ọwọ́, ó sì rìn jẹ́jẹ́ lọ sí ẹ̀yìn ilé. Mo tẹ̀ lé e kíá. Ìṣísẹ̀ mẹ́wàá ò sí láàárín wa. Oko iṣu tí wọ́n ti kórè tán ló wà lẹ́yìn ilé náà, kò sí igi, kò sí kòtò, kò sí ibi tí adìẹ lè sá pamọ́ sí. Mi ò rí ẹnikẹ́ni. Aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ ló wà nílẹ̀, ó tẹ́ sílẹ̀ pẹrẹsẹ, gbogbo bọ́tìnnì rẹ̀ ṣì wà ní dídè. Mo fọwọ́ kàn án. Nínú oòrùn yẹn, ó tutù bí ìdí àmù.

Nígbà tí mo padà, Ìyá Sùlè ti jókòó sórí táyà. Ràbí gbé omi jáde fún àlejò, ó kúnlẹ̀ kí i.

"Ṣé ọ̀gá ti jáde ni? Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ohùn wọn."

Ìyá Sùlè wo ikùn Ràbí. Ó gba omi náà, ó mu ún tán. "Ọlọ́run á sọ̀ ọ́ kalẹ̀ láyọ̀, ọmọ mi," ó wí, ó sì fi ṣúgà lé e lọ́wọ́.

Nígbà tí a fẹ́rẹ̀ẹ́ dé Ìwó, ó yíjú sí mi. "Ó sanra díẹ̀," ó wí. "Kò sanra bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ mi." Lẹ́yìn náà ó ní, "Má sọ fún ọmọ yẹn."

Wọ́n ní àkúdàáyà máa ń sá jìnnà sí ibi tí wọ́n ti mọ̀ ọ́n. Kí ló wá mú èyí wá sí ìtòsí ìlú ìyàwó rẹ̀ àkọ́kọ́? Ṣé Ìyá Sùlè ló tẹ̀ lé ni, àbí ọkọ̀?

Ràbí bí ọkùnrin. Wọ́n ránṣẹ́ pè mí síbi ìsọmọlórúkọ nítorí èmi nìkan ni ọ̀rẹ́ tí ọkọ rẹ̀ ní. Wọ́n gbà pé ó sá lọ ni, àwọn kan sì ń ṣépè fún un. Nígbà tí Alfa béèrè orúkọ bàbá ọmọ àti ti bàbá bàbá rẹ̀, gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ mi.

"Ẹ̀yin lẹ mọ̀ wọ́n, Tíṣà," Ràbí wí kẹ́lẹ́. "Ọmọ ta ni ká pè é?"

Orúkọ Rájí wà lẹ́nu mi. Bí mo bá sọ ọ́, mo ti sọ ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ di ọmọ òkú lójú gbogbo ìlú. Bí mi ò bá sọ ọ́, ọmọ ẹni tó sá fi ìyá rẹ̀ sílẹ̀ ni wọn ó máa pè é. Iwájú Kùránì ni mo ti ní mi ò mọ̀.

Nítorí náà, bí ẹ bá pàdé oníṣẹ́ ọwọ́ kan tí kò ní ará tí kò ní ìyekan, tó sì ní kí ẹ má mú ẹnikẹ́ni wá bá òun, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má mú ẹnikẹ́ni lọ. Ẹ fi ọpẹ́ yín sínú.

Ọmọ náà ti di géńdé báyìí. Ó wá sílé mi lónìí, ó ní ìyá òun sọ pé èmi ni mo mọ bàbá òun. Mo ní àyè ò sí, kó máa lọ ná. Ó dọ̀bálẹ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó ní òun á padà wá lọ́la.