Ìyàwó Tí Wọ́n Fẹ́ Yọ Kúrò

Ẹ má bínú sí ọwọ́ ìkọ̀wé mi. Ìwé kẹta ni mo kà dé, n kò sì lè sọ̀rọ̀ láwùjọ. Ṣùgbọ́n ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi lọ́dún tí wọ́n fún wa ní Ìpínlẹ̀ Kwara, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí n fi ìwọ̀nba tí mo mọ̀ kọ ọ́.

N kò tíì pẹ́ nílé ọkọ ní Òmù-Àrán nígbà náà. Ọkọ mi ń ṣe tíṣà ní Òkè-Ọdẹ, Sátidé ló ń wálé. Màmá ọkọ mi ń se ògógóró nínú ahéré lẹ́yìn ilé (ẹ má jẹ́ kí pásítọ̀ gbọ́ o!), àbúrò wọn obìnrin ló ń ràn wọ́n lọ́wọ́. Èmi kò débẹ̀ rí. "Ìyàwó" ni gbogbo ilé ń pè mí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo gbé oúnjẹ lọ fún wọn. Ó kù díẹ̀ kí n wọlé ni mo gbọ́ ohùn màmá: "Ìyàwó yìí gbóná jù. Jẹ́ ká tètè yọ ọ́ kúrò kó tó ba ọkọ jẹ́."

Àbúrò wọn ní òórùn rẹ̀ nìkan ti tó láti lé èèyàn. Wọ́n rẹ́rìn-ín.

Kí lẹ̀ bá ṣe? Èmi gbé oúnjẹ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. N kò sunkún. Ó dà bíi pé ẹlòmíràn ni wọ́n ń bá wí. Mo lọ ká aṣọ mi sínú àpótí, mo rọra ń ká a, etí sí etí. Ilé bàbá mi ní Èsìẹ́ ni mo fẹ́ padà sí.

Màmá pàdé mi lójúde pẹ̀lú àpótí lórí. Wọ́n bi mí pé ta ló kú.

Mo ní, "Ẹ̀yin lẹ ní kí wọ́n yọ mí kúrò kí n má ba ọkọ jẹ́."

Wọ́n wá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, wọ́n rẹ́rìn-ín títí gèlè fi bọ́. "Ọtí ni mò ń bá wí, ọmọ mi. Ọtí ni."

Wọ́n ní èyí tó bá kọ́kọ́ kán jáde nínú páìpù ni wọ́n ń pè ní ìyàwó. Èyí tó dára tó tẹ̀ lé e ni ọkọ. Bí wọ́n bá da méjèèjì pọ̀, ọtí bàjẹ́ nìyẹn. Bàbá Ìlàjẹ tó kọ́ wọn níṣẹ́ ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ó ní lọ́jọ́ ìgbéyàwó, ìyàwó ni gbogbo ayé ń sáré wò. Ọtí àkọ́kán náà, òun ni àwọn ọ̀mùtí ń sáré bù, ojú wọn ló sì ń fọ́.

Ó yé mi. Ṣùgbọ́n inú mi kò dùn, kò sì bàjẹ́. Mo kàn sọ àpótí kalẹ̀.

Èmi ti kọ́ láti béèrè kí n tó di ẹrù. Ẹ̀yin ńkọ́, ọ̀rọ̀ wo lẹ gbọ́ sódì nílé ọkọ? Ẹ sọ ọ́ fún mi, kí n má rò pé èmi nìkan ni.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kí màmá tó jí, mo lọ sínú ahéré, mo dáná sábẹ́ àgbá ọtí, kí èmi náà lè bá wọn yọ ìyàwó kúrò.