Link tó wà lábẹ́ orúkọ mi

Intranet ibiṣẹ́ wa tú àṣírí mi lónìí.

Care home, ilé ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà, ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ní Thamesmead ní London níbí. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tún intranet wa, ìyẹn ìkànnì tàwa òṣìṣẹ́ nìkan, ṣe ni: tó o bá ti log in, orúkọ ẹ á yọ, link àwọn team tìẹ nìkan lo máa rí lábẹ́ ẹ̀.

Mo log in. Mo rí "Senior Carers", ìyẹn team àwọn ọ̀gá wa.

Mo apply fún ipò yẹn lóòótọ́, àmọ́ mi ò sọ fún ẹnì kankan. Manager gan-an ò tíì pè mí. Kọ̀ǹpútà ló kọ́kọ́ mọ̀.

Mummy Adé, tá a jọ ń ṣiṣẹ́, tá a sì jọ ń wọ bọ́ọ̀sì láti Woolwich, ti wà lẹ́yìn mi.

"O apply, o ò sọ fún mi?"

"Ẹ má bínú, Mummy. Mo ní kó kọ́kọ́ tẹ̀ mí lọ́wọ́ ná."

Mummy fa àga mọ́ra. Wọ́n jókòó, wọ́n log in tiwọn.

"Senior Carers" wà lábẹ́ orúkọ tiwọn náà.

Wọ́n wolẹ̀. "Ohun témi náà sọ lọ́kàn mi nìyẹn."

Lójoojúmọ́ la jọ ń gbàdúrà nínú bọ́ọ̀sì yẹn, tí kálukú wa ń fi ohun tó ń tọrọ pamọ́ fún ẹnì kejì.

Ẹ̀yin ńkọ́, ta lẹ̀ ń fi tiyín pamọ́ fún?