Ilé Tí A Ti Ń Gbọ́ Haramu

Iṣẹ́ tí mo ṣe ní Jẹ́dà kò sí lórí ìwé kankan. Símísáárù ni àwọn Lárúbáwá ń pe ẹni tó bá ń báni wá ilé, ọkùnrin ló sì máa ń jẹ́, tó jókòó sí ọ́fíìsì pẹ̀lú ife tíì níwájú. Èmi ò ní ọ́fíìsì. Mo ní fóònù, mo ní ẹnu, mo sì ní ọkọ tó ń ṣiṣẹ́ ní èbúté, tó ń fi ọjọ́ Jímọ̀ gbé mi káàkiri, torí pé nígbà yẹn obìnrin kì í wakọ̀ níbẹ̀. Ohun tó jẹ́ kí n rọ́wọ́ mú ni pé ọkùnrin ò lè ṣàdédé wọ ilé tí ìyàwó onílé wà nínú rẹ̀. Èmi á wọlé tààrà dé kíṣìnnì, màá ṣí omi, màá yọjú sí ilé ìwẹ̀. Tí ilé bá burú, màá ní ó burú. Àwọn onílé kan ò fẹ́ràn mi nítorí ìyẹn. Ìyẹn kàn wọ́n.

Níbẹ̀rẹ̀, àwọn ọmọ Yorùbá tó fẹ́ ilé ní Baghdadiyah, àdúgbò kan ní Jẹ́dà, ni mò ń bá wá a. Lẹ́yìn ọdún 2010, Mẹ́kà yí padà mọ́ wa lójú. Wọ́n ń fẹ Haramu, mọ́ṣáláṣí ńlá tí Kaaba wà nínú rẹ̀, wọ́n ń gé òkè, wọ́n ń fi òtẹ́ẹ̀lì rọ́pò ilé. Àdúgbò tí o kọjá lánàá, o lè padà síbẹ̀ lẹ́yìn Ààwẹ̀ kó o bá iyanrìn. Àwọn tó ń pè mí láti ibẹ̀ ò sọ pé "bá wa wá ilé tó dáa" mọ́. "Bá wa wá ibi tí a máa forí pamọ́ sí" ni wọ́n ń sọ.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe mọ Àlàájà. Arúgbó ni, opó ni, ó ti wá ṣe Hájì nígbà tó ṣì lágbára, kò sì padà sílé mọ́. Yàrá kan ló ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkè, ó máa ń se oúnjẹ fún àwọn tó bá ti ilé wá ṣe Hájì. Wọ́n ti fi ọ̀dà pupa kọ nọ́ńbà sára ògiri ilé náà, gbogbo wa la sì mọ̀ pé wíwó ló kù. Àwọn ọmọ rẹ̀ ní Ìwó ní kó máa bọ̀. Ó ní òun ò lọ síbì kankan. Ó ti bẹ Ọlọ́run pé Mẹ́kà ni kí òun kú sí, kí wọ́n kírun sí òun lára ní Haramu. Ilé míì ní Mẹ́kà ló fẹ́ kí n bá òun wá, ó sì ní àdéhùn kan.

"Ibi tí mo ti máa gbọ́ ìpè Haramu ni kó o mú mi lọ. Kì í ṣe ti mọ́ṣáláṣí àdúgbò o. Ti Haramu."

Háà! Mo kó sí wàhálà. Ìgbà ìrun nìkan ló gbà láti wo ilé, ìgbà yẹn gan-an sì ni gbogbo nǹkan ń tì nílùú yẹn. Ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ á ti lọ kírun. Mo wá ń bẹ àwọn aṣọ́lé kí wọ́n fún mi ní kọ́kọ́rọ́ ṣáájú. A ó wọlé, Àlàájà á bọ́ bàtà, á dúró láàárín pálọ̀, á dijú. Ìpè á bẹ̀rẹ̀, á parí. Á lajú, á ní: "Kì í ṣe ibí." Ilé tó dáa o! Ilé tó lómi, tó ní ẹ̀rọ amúlétutù, tí àtẹ̀gùn rẹ̀ ò ga. Kì í ṣe ibí.

Nǹkan míì tún wà tó ń bí mi nínú. Bí wọ́n ṣe tọ́ mi ni pé tí mo bá ń bá àgbà sọ̀rọ̀, mo máa ń kúnlẹ̀, mo máa ń dorí kodò. Àlàájà ò gbà. Á jágbe mọ́ mi: "Gbójú sókè! Wò mí lójú kó o tó sọ̀rọ̀!" Tí a bá wọ mọ́tò, màá bi ọkọ mi pé irú ìyá wo lèyí, tó ń fẹ́ kí ọmọ máa ranjú mọ́ òun. Ọkọ mi á ní, "Arúgbó ni, fi í sílẹ̀."

Nígbà tó sú mi, mo mú un lọ sí ilé kan tí kò jìnnà sí Haramu rárá. Mo mọ̀ pé agbára wa ò ká a. Mo kàn fẹ́ kó gbọ́ ni, kó lè gbà pé irú ilé tí òun ń wá kì í ṣe ti èèyàn bíi tiwa mọ́. Ìpè aláásárì bẹ̀rẹ̀, gíláàsì fèrèsé ń gbọ̀n, àyà mi náà ń gbọ̀n. Ó parí. Àlàájà lajú, ó ní, "Kì í ṣe ibí náà."

Orí mi gbóná. Mo kẹ̀yìn sí i, mo dojú kọ fèrèsé, mo sì tú u síta: "Màmá, ẹ má bínú o, ṣé ẹ̀ ń fi mí ṣeré ni? Ìpè tó fẹ́ẹ̀ wó ilé yìí, ẹ tún ní kì í ṣe ibí? Kí lẹ fẹ́ kí n ṣe?" Mo sọ ọ́ títí ó fi tán nínú mi. Nígbà tí mo yíjú padà, ó ń tún ìbòrí rẹ̀ ṣe ní tirẹ̀. Ó ní, "Ṣé ká máa lọ?"

Ó jọ pé kò gbọ́ ọ̀kan nínú gbogbo rẹ̀. Mo kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, ṣùgbọ́n mo gbójú sókè lọ́tẹ̀ yìí. "Màmá, ṣé etí yín ò gbọ́ràn mọ́ ni?"

Ó wo ẹnu mi. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó bú sẹ́kún.

"Ó ti pẹ́," ó ní. "Tí àwọn ọmọ mi bá gbọ́, wọ́n á wá gbé mi lọ sílé. Nínú yàrá mi, tí wọ́n bá ti pe ìrun, ọlọ́jà tó wà nísàlẹ̀ á fa ìlẹ̀kùn onírin rẹ̀ wálẹ̀, ilẹ̀ á mì lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Bí mo ṣe ń mọ̀ nìyẹn. Mo rò pé tí mo bá sún mọ́ Haramu sí i, etí mi á là. Gbogbo ilé tí o mú mi lọ, mo rò pé a ò tíì sún mọ́ ọn tó ni."

Mo sunkún nínú ilé olówó yẹn, mi ò ní purọ́. Gbogbo orí tí mò ń tẹ̀ ba bí ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́, ṣe ni mò ń fi ẹnu tó fi ń mọ ọ̀rọ̀ mi pamọ́ fún un.

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti mọ irú ilé tí mò ń wá. Mi ò bèèrè omi mọ́, ẹni tó ń tajà nísàlẹ̀ ni mò ń bèèrè, àti irú ìlẹ̀kùn tó ní. Àwọn onílé rò pé orí mi ti dàrú. Mo rí ọ̀kan níkẹyìn, lẹ́yìn òkè, lórí ilé àwọn tó ń ṣe búrẹ́dì. Àlàájà bọ́ bàtà, ó dijú. Mọ́ṣáláṣí àdúgbò pe ìrun, àwọn oníbúrẹ́dì fa ìlẹ̀kùn wálẹ̀, gbàgà! Ilẹ̀ mì. Ojú rẹ̀ là, omijé wà nínú rẹ̀.

"Ó ti pè," ó ní. "Ṣé ti Haramu ni?"

"Rárá, Màmá. Haramu jìnnà síbí."

Ó ronú díẹ̀. "Ẹni tó bá ń kírun níbí, ibo ló ń kọjú sí?"

"Haramu náà ni."

"Ó ti tó."

Ó gbé ibẹ̀, ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀. Àmọ́ ohun tó lé e kúrò níbi àkọ́kọ́ tún bá a débẹ̀. Onílé rí i pé èrè tó wà nínú ibùsùn àwọn tó ń wá Hájì àti Úmúrà ju ti búrẹ́dì lọ. Ó lé àwọn oníbúrẹ́dì, ó yọ ìlẹ̀kùn onírin náà, ó pín ìsàlẹ̀ sí yàrá kéékèèké. Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, mo dé lẹ́yìn aláásárì. Àlàájà wà lórí ẹní ìkírun, ó ti ṣe àlùwàlá, omi ti gbẹ lára rẹ̀. Aago tí mo rà fún un wà lára ògiri, kò fìgbà kan wò ó. Ó ní aago kì í pe èèyàn.

"Ṣé Àìlà ò tíì tó ni?" ó bi mí.

Mo wò ó lójú. "Ó ti kọjá, Màmá. Aláásárì náà ti kọjá."

Ó wo ẹnu mi títí. Ó fi ọwọ́ pa ilẹ̀. "Ilé yìí ti dákẹ́," ó ní.

Mo ní màá wá òmíràn. Ó ní kí n má wá a mọ́, pé mo ti rìn tó. Kò pẹ́ sígbà yẹn tí ìyàwó onílé pè mí lórí fóònù pé Àlàájà ti kú. Mo wà lára àwọn obìnrin tó wẹ̀ ẹ́. Èmi ni mo wẹ ẹsẹ̀ rẹ̀.

Wọ́n gbé e lọ sí Haramu fún ìrun jánásà. Mo dúró láàárín àwọn obìnrin lẹ́yìn, mi ò tiẹ̀ rí ibi tí wọ́n gbé e sí. Bí lèmọ́mù ṣe sálámà tán ní aláásárì, ohùn jáde láti inú ẹ̀rọ gbohùngbohùn pé ká dìde ká kírun sí òkú lára. Gbogbo Haramu dìde, àwọn èèyàn tí kò mọ̀ ọ́n rí. Mo ti dorí kodò kí n tó rántí. Mo gbójú sókè, mo la ẹnu mi dáadáa.

"Màmá, ó ti pè. Ti Haramu ni."