Fàlílù Àpọ́nlé àti Ẹ̀rọ Tó Ju Iná Ilé Rẹ̀ Lọ

Tí ẹ bá dárúkọ Fàlílù Àpọ́nlé ní Ilo-Awela, ẹ̀rín ni wọ́n máa kọ́kọ́ rín kí wọ́n tó ní kí Ọlọ́run forí jì í. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ Sátidé kan ló ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Iná ti lọ láti ọjọ́ mélòó kan, ó wá dé lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ni gbogbo ilé bá dìde. Ẹni tó ń fa omi ń fa omi, ẹni tó ń lọ aṣọ ń lọ aṣọ. Fàlílù, tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjórin, ìyẹn iṣẹ́ wẹ́dà, ní ilé iṣẹ́ kan ní Ọ̀tà, wọ inú gáréèjì ẹ̀gbẹ́ ilé rẹ̀, èyí tó kọ́ sílẹ̀ de mọ́tò tí kò rà títí ọjọ́ ayé rẹ̀. Ó ki wáyà ẹ̀rọ ìjórin tuntun bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì, ó fi ọ̀pá ìjórin kan irin. Gbàmù! Iná àdúgbò kú pátápátá.

Kíá, àwọn èèyàn ti dé ìta, wọ́n ń bi ara wọn léèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Fàlílù náà jáde, ó dúró láàárín wọn, ó mi orí, ó ní, "Ẹ ò rí àwọn oníná wọ̀nyí? Wọn ò ní ìbẹ̀rù Ọlọ́run rárá." Ó ń bú wọn lọ, àwọn èèyàn ń wò ó, ẹnikẹ́ni ò bá a dá sí i. Kàfáyá ìyàwó rẹ̀ ló sún mọ́ ọn tó rọra sọ sí i létí pé, "Bàbá Ruqoyah, ẹ ṣí ìbòjú yẹn kúrò lórí ná." Ìbòjú ìjórin ṣì wà lórí bàbá gàdàgbà, ibọ̀wọ́ awọ sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ méjèèjì.

Ẹ má rò pé ìwà agídí lásán ló gbé ẹ̀rọ wálé. Láti ìgbà ọ̀dọ́ ni Fàlílù ti ń jórin fún ẹlòmíì. Táńkì, gẹ́ètì, òrùlé ilé iṣẹ́, gbogbo ohun tó jó ni tírélà ń kó jáde lójú rẹ̀. Nílé tirẹ̀, kò sí irin ojú fèrèsé kan tó lè nawọ́ sí pé òun lòun ṣe é. Ìgbà tó fẹ̀yìn tì, ó ní òun ò ní kú láì jórin lábẹ́ òrùlé ara òun. Kàfáyá ò bá a jiyàn. Ẹja inú fírísà ni Kàfáyá ń tà nínú ṣọ́ọ̀bù iwájú ilé, fírísà yẹn ló sì ń bọ́ wọn láti ìgbà tí owó oṣù ti dáwọ́ dúró. Wáyà tó gbé iná wá sí gáréèjì ló gbé iná lọ sí ìdí fírísà. Ohun kan ṣoṣo ni Kàfáyá bẹ ọkọ rẹ̀: "Ẹ jó gbogbo irin tó bá wù yín. Ẹ ṣáà má jó fírísà mi."

Àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ lọ ra ẹ̀rọ náà ní Ṣàngó, lọ́dọ̀ obìnrin kan tó ń jẹ́ Ọláníkẹ́. Ìwọ̀n ni wọ́n fi ń ta irin, Fàlílù sì ti fi ọ̀rọ̀ yìí ṣe ẹ̀sìn kejì: ohunkóhun tó bá dára gbọ́dọ̀ wúwo. Kì í béèrè iye iná tí ẹ̀rọ ń jẹ. Ńṣe ló máa ń gbé e wò. Ẹ̀rọ tí ọkùnrin kan bá dá gbé nílẹ̀, kò ní ná an.

Ọláníkẹ́ gbé ẹ̀rọ kékeré kan wá, irú èyí tí wọ́n ń gbé kọ́ èjìká. Fàlílù fi ìka kan gbé e sókè, ó gbé e padà sílẹ̀.

"Màdáámù, ẹ̀rọ ni mo ní kí ẹ mú wá. Rédíò kọ́."

"Alájì, kí lẹ fẹ́ fi jó?"

"Gẹ́ètì ilé mi."

"Iná ilé yín ńkọ́, báwo ló ṣe lágbára sí?"

"Iná mi dára púpọ̀. Ó ń tan gílóòbù."

Èyí tó ga dé orúnkún, tí bàbà kún inú rẹ̀, ló yàn. Àárọ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í ná an. Ìgbà tí wọ́n pe ìrun ọ̀sán, ó lọ kírun, ó padà dé, ó sì bẹ̀rẹ̀ látibi tó bá a dé. Ebi ló mú kí Ọláníkẹ́ gbà. Ó ti ń di ẹ̀rọ fún un nígbà tí Fàlílù ní èènì òun dà.

"Èènì lórí ẹ̀rọ ìjórin? Alájì, ṣé ìrẹsì lẹ rà ni?"

Fàlílù jókòó sórí àga rẹ̀, kò mira. Ìbòjú tí gbogbo Ilo-Awela wá rí lórí rẹ̀ yẹn, èènì ni.

Lẹ́yìn tí iná àdúgbò kú, àwọn onílé pe ìpàdé. Bàbá Ọ̀ṣìnúbí, alága wọn, fi ohùn pẹ̀lẹ́ bá a sọ̀rọ̀ pé, "Fàlílù, ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Iná wa ò lè gbé ohun tí o gbé wálé. Tó bá tún ṣẹlẹ̀, a ó ní kí wọ́n gé wáyà rẹ lórí òpó." Fàlílù ní òun gbọ́, àmọ́ kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹ̀rọ òun ò tóbi, iná wọn ló kéré. Ó wá yá jẹnẹrétọ̀ kékeré ẹnì kan, ó fi wáyà ẹ̀rọ kọ́ ọ. Jẹnẹrétọ̀ kígbe lẹ́ẹ̀kan, ó gbọ̀n jìnnìjìnnì, ó dákẹ́. Fàlílù ní ọ̀lẹ ni.

Ọjọ́ tí Kàfáyá lọ síbi ìkómọ ọmọ-ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Àtàn-Ọ̀tà ni ìjàngbọ̀n gidi ṣẹlẹ̀. Fàlílù rò ó pé tí òun bá ń jó o díẹ̀díẹ̀, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Lóòótọ́, iná àdúgbò ò kú. Ńṣe ló ń rẹlẹ̀ tó ń ru sókè ní gbogbo ìgbà tó bá fi ọ̀pá kan irin. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó ń kọrin. Kò mọ̀ pé fírísà ń bá a gbé e nínú ṣọ́ọ̀bù, ó ń mí, ó ń mí, títí tí ẹ̀mí fi bọ́ lára rẹ̀.

Nígbà tí Kàfáyá padà dé lọ́jọ́ kejì, òórùn ẹja ló kí i káàbọ̀. Kò pariwo. Ó ṣa èyí tó ṣì dára sọ́tọ̀, ó ń gbé e fún àwọn aládùúgbò kó má baà bàjẹ́ tán. Gbogbo òpópónà jẹ ẹja lọ́jọ́ náà, wọ́n sì ń ṣàdúà ẹ̀mí gígùn fún Fàlílù. Nígbà tí ilẹ̀ pa rọ́rọ́, Kàfáyá gbé oúnjẹ ọkọ rẹ̀ kalẹ̀, ó ní, "Bàbá Ruqoyah, ẹ mú ọ̀kan. Nínú ẹ̀rọ yìí àti ẹja mi, ẹyọ kan niná ilé yìí lè bọ́. Ẹja ló sì ń bọ́ àwa." Láti ìgbà náà, kò tún bá a sọ ju "ẹ káàárọ̀" lọ.

Ìyẹn dun Fàlílù ju ọ̀rọ̀ wáyà gígé lọ. Ó gbé ẹ̀rọ padà sí Ṣàngó. Ọláníkẹ́ ò fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ó gba ti ńlá, ó gbé ti kékeré fún un, ó sì fún un ní owó tí wọ́n á fi tún fírísà ṣe.

"Alájì, bí abẹ́rẹ́ ṣe kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìyẹ. Eléyìí ò ní fipá fa iná. Ọ̀pá tín-ín-rín ni kẹ́ ẹ máa fi jó irin. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fa wáyà tirẹ̀ lọ́tọ̀ láti ìdí mítà. Tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ tan án, kí ìyàwó yín kọ́kọ́ pa fírísà."

Fàlílù dúpẹ́, ó sì béèrè èènì.

Àmọ́ báwo lòun Àpọ́nlé ṣe máa gbé rédíò wọ àdúgbò? Ó háyà ọmọlanke àti ọkùnrin méjì tó ń tì í, ó fi tapólì bo ẹ̀rọ, ó wá ṣíwájú wọn, ó ń làágùn, ó ń pariwo kí wọ́n yà fún àwọn. Àwọn èèyàn yà. Ẹnu ọ̀nà ni Kàfáyá ti pàdé wọn. Ó ká tapólì, ó fi ọwọ́ òsì gbé ẹ̀rọ náà, ó ń gbé e wọlé lọ. Kó tó dé yàrá, ẹ̀rín ti pa á, bí ìjà wọn ṣe parí nìyẹn.

Fàlílù jó gẹ́ètì, ó jó irin fèrèsé, ó jó àga tí kò sẹ́ni tó lè gbé nílẹ̀. Tó bá rí irin tí ẹlòmíì jó, á ní ìgbẹ́ adìyẹ ni. Nígbà tó yá, àyà bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, ọwọ́ rẹ̀ sì ń gbọ̀n. Ìgbà yẹn ni ẹsẹ̀ tábìlì tí Kàfáyá ń gé ẹja lé lórí já. Kàfáyá ní òun á pe wẹ́dà kan wá láti ìta.

"Lójú ayé mi?"

"Ọwọ́ yín ò dúró mọ́, Bàbá Ruqoyah."

"Tìrẹ ò gbọ̀n. Lọ pa fírísà."

Kàfáyá wọ ìbòjú, ó mú ọ̀pá ìjórin, Fàlílù jókòó lẹ́yìn rẹ̀, ó ń darí rẹ̀. Fi kàn án. Fà á sẹ́yìn díẹ̀. Má sáré. Nígbà tí Kàfáyá ṣí ìbòjú, ojú tì í, nítorí ohun tó wà níbẹ̀, ìgbẹ́ adìyẹ pátápátá ni. Fàlílù wò ó pẹ́. Ó fi ẹsẹ̀ ti tábìlì náà, tábìlì ò mì.

"Ó mú," ó wí. "Ìyá Ruqoyah, o ṣeun tí o ń pín iná fírísà rẹ fún mi."

Kò pé oṣù kan lẹ́yìn rẹ̀ ló jáde láyé.

Níbi àdúà ọjọ́ kẹjọ, Bàbá Ọ̀ṣìnúbí tún ìtàn ìbòjú sọ, gbogbo ilé rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Ó wá fi àwàdà bi Kàfáyá pé, "Ìyá Ruqoyah, ṣé ẹ ti dárí ẹja yẹn jì í?"

Kàfáyá náà ṣì ń rẹ́rìn-ín. Ó fi etí ìborùn rẹ̀ nu ojú.

"Ẹja kẹ̀? Kó padà wá lónìí, kó tan ẹ̀rọ ńlá yẹn, kó jó fírísà náà deérú. Màá pín ẹja kárí àdúgbò, màá sì gbé oúnjẹ rẹ̀ kalẹ̀ fún un."