Nọ́ńbà Tẹlifóònù Ilé Oleta

Verna Stickley kì í pariwo. Láti ìgbà tí ọmọ rẹ̀ ti ń rá ló ti ń wa bọ́ọ̀sì ilé ìwé ní Dunmore, ní gúúsù Ohio. Bí àwọn ọmọ bá ń ṣe wàhálà lẹ́yìn, á wò wọ́n nínú dígí, ìyẹn náà sì tó wọn.

Láràárọ̀, bọ́ọ̀sì náà máa ń gba iwájú ilé ìyá rẹ̀ kọjá. Aṣọ fèrèsé ibẹ̀ kì í ṣí títí oòrùn á fi ga, nítorí Royce, àbúrò Verna, ṣì ń sùn. Royce ti lé lógójì ọdún. Yàrá abẹ́ ilé ló ń gbé. Oleta ìyá wọn kì í fẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ dà á láàmú.

Royce ti fi orúkọ Verna jayé rí. Ó yọ nọ́ńbà ìdánimọ̀ rẹ̀ láàárín ìwé tí ìyá wọn kó pamọ́, ó fi gba fóònù láwìn, ó fi gba àga ìrọ̀gbọ̀kú aláwọ, ó fi gba tẹlifíṣọ̀n tó gba ògiri tán. Nígbà tí àwọn tó ń sin gbèsè bẹ̀rẹ̀ sí í pe Verna níbi iṣẹ́, Oleta sunkún. Ó ní òun ò fẹ́ rí ọmọ òun kan níwájú ṣẹ́rífù, ọ̀gá ọlọ́pàá àgbègbè wọn, nítorí ọmọ òun kejì. Verna gbà. Ó san gbogbo rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Royce kò dúpẹ́, nítorí kò sẹ́ni tó sọ fún un pé gbèsè náà ti tán, kò sì béèrè.

Ohun kan ṣoṣo tí Verna ṣe ni pé ó ní kí àwọn ọ́fíìsì tó ń ṣàkọsílẹ̀ àwìn fi àmì ìkìlọ̀ sára orúkọ òun. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ gbé àwìn fún Verna Stickley gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ pe nọ́ńbà tó wà lára àmì yẹn, kí ó gbọ́ ọ lẹ́nu Verna fúnra rẹ̀.

"Nọ́ńbà ilé mi ni kó o fi sí i," Oleta sọ nígbà náà. "Orí bọ́ọ̀sì nìwọ máa ń wà. Èmi kì í jáde. Kò sí olè tó máa gba ọ̀dọ̀ mi kọjá."

Verna fi nọ́ńbà náà sí i. Lọ́dọọdún, bí àmì náà bá ti fẹ́ kásẹ̀ nílẹ̀, á ní kí wọ́n tún fi í síbẹ̀, kò sì yí nọ́ńbà náà padà. Obìnrin tó gbọ́n ni lórí ohun gbogbo, àfi lórí ìyá rẹ̀.

Nígbà tó yá, Kaylin, ọmọ kan ṣoṣo tí Verna bí, wọ iṣẹ́ ọmọ ogun ojú omi. Òun àti àwọn tí wọ́n jọ parí ìdálẹ́kọ̀ọ́ fẹ́ yan jáde bí ọmọ ogun ní ibùdó tó wà ní Great Lakes, lókè Chicago, ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì. Ọjọ́ yẹn nìkan ni òbí lè fojú kan ọmọ rẹ̀ kí wọ́n tó gbé e lọ síbòmíràn. Ọkọ̀ Verna kò lè dé Columbus tó wà ní Ohio níbẹ̀ pàápàá láìkú sójú ọ̀nà. Ó lọ síbi tí wọ́n ti ń fi ọkọ̀ háyà, wọ́n ní àwọn ò gba káàdì tó ń yọ owó ẹni ní báńkì, káàdì àwìn ni kó mú wá. Ó kọ̀wé béèrè ọ̀kan ní báńkì rẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń fúnni ní káàdì lọ́jọ́ kan náà.

Báńkì pè é padà. "A rí àmì ìkìlọ̀ lára orúkọ yín, mà. A máa pe nọ́ńbà tó wà níbẹ̀."

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń bá mi sọ̀rọ̀ báyìí? Fóònù mi tẹ́ ẹ pè rèé."

"Nọ́ńbà tó wà lára àmì yẹn la máa pè, mà. Ọ̀la, láàárọ̀."

Bó bá ní kí wọ́n yí nọ́ńbà náà padà, ọjọ́ Ẹtì á ti kọjá kó tó wọlé. Nítorí náà, ní Ọjọ́rú, bó ṣe já àwọn ọmọ sílé ìwé tán, ó lọ jókòó sí kíṣíìnì ìyá rẹ̀, ó ń retí kí tẹlifóònù ara ògiri dún.

Royce gòkè wá láti abẹ́ ilé pẹ̀lú abọ́ kọnfilẹ́ẹ̀kì, ìbọ̀sẹ̀ ló wọ̀ láìsí bàtà.

"Ayaba wa dé," ó ní. "Ta ló kú?"

"Kò tíì sí."

"Ẹ má bẹ̀rẹ̀ o," Oleta ní. "Verna, mo ṣe ọbẹ̀ sọ́sééjì. Bu díẹ̀."

"Mo ti jẹun, Mọ́mì."

Royce fa àga, ó jókòó. "Mo gbọ́ pé o fẹ́ gba káàdì àwìn. Ìwọ, tó o máa ń ká bébà ìnuwọ́ padà sápò! Ṣé o mọ bí wọ́n ṣe ń lò ó ṣá? Bi mí léèrè o."

"Ọ̀gá nìwọ lórí ìyẹn."

"Àga yẹn náà lo ṣì ń torí ẹ̀ bínú? Àga ti ya, Verna. Mo ti wọ́ ọ jù sígbó."

"Mo mọ̀. Mo ṣì ń sanwó ẹ̀ lọ́wọ́ nígbà tó o jù ú nù."

"Ṣó o rí i, Mọ́mì? Ó ń ṣírò."

Tẹlifóònù dún. Kí Verna tó dìde, Oleta ti na ọwọ́, ó ti gbé e.

"Bẹ́ẹ̀ ni," ni Oleta wí. "Verna Stickley ló ń sọ̀rọ̀."

Ohùn náà jáde láìkọsẹ̀ níbì kankan. Ó kéré lọ́jọ́ orí sí Oleta, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ lẹ́wà. Lẹ́yìn tó ti sọ ọ́ tán ló tó rántí pé Verna wà níbẹ̀. Ó gbé tẹlifóònù náà fún un láìwò ó.

"Mo fẹ́ gbà ẹ́ sílẹ̀ nínú wàhálà ni," ó ní.

Obìnrin báńkì ní òun máa bi í ní ìbéèrè díẹ̀ látinú àkọsílẹ̀ rẹ̀, kó lè dá òun lójú pé Verna gan-an ni. "Èwo nínú ọkọ̀ wọ̀nyí lẹ ń san owó rẹ̀ lọ́wọ́, mà? Ọkọ̀ kékeré funfun, píkọ́ọ̀pù pupa, ọkọ̀ ẹlẹ́bí aláwọ̀ eérú, àbí kò sí èyíkéyìí nínú wọn?"

Verna tún ìbéèrè náà sọ sókè kó lè gbọ́ ọ dáadáa. "Ọkọ̀ tí mò ń sanwó ẹ̀? Kò sí èyíkéyìí..."

"Pupa," Royce ní, pẹ̀lú oúnjẹ lẹ́nu. Kò tiẹ̀ gbójú sókè. "Sọ pé pupa." Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń ṣoore.

Verna wo ìta. Píkọ́ọ̀pù pupa Royce wà lórí koríko, níbi tó máa ń wà. Verna ti máa ń rò pé owó tí bàbá wọn fi sílẹ̀ ni ìyá òun fi rà á fún un. Ó wo Oleta. Oleta ń ká aṣọ ìnuwọ́ tó ti ká tẹ́lẹ̀.

Àwọn tó ta ọkọ̀ náà ti pe nọ́ńbà yìí nígbà náà, bí àmì ṣe ní kí wọ́n ṣe. Wọ́n ti béèrè Verna. Verna kan sì ti dá wọn lóhùn láti kíṣíìnì yìí.

"Ta ló buwọ́ lùwé, Mọ́mì?"

"Mi ò jẹ́ kó pẹ́ rí," Oleta ní. "Gbogbo oṣù ni mò ń san án, lásìkò. Orúkọ ẹ ò bàjẹ́. Ó tiẹ̀ dára sí i."

"Òótọ́ ni," Royce ní. "Orúkọ ẹ ti mọ́ ju ti pásítọ̀ lọ. Ó yẹ kó o kí wa."

"Orúkọ ta ló wà nínú ìwé ọkọ̀?"

"Tìẹ," Oleta ní. "Ṣé ti Royce la fẹ́ fi sí i? Ta ló máa ta ọkọ̀ láwìn fún un?"

"Ìyáàfin Stickley?" ni obìnrin báńkì wí. "Ìdáhùn yín ni mò ń retí."

"Píkọ́ọ̀pù pupa ni," Verna dá a lóhùn. "Ṣùgbọ́n ẹ fagi lé ìwé tí mo kọ, mà. Mo rò pé mi ò ní ọkọ̀ tó lè dé Chicago ni. Mo ní in."

Ó gbé tẹlifóònù kọ́.

"Kọ́kọ́rọ́," ó ní.

Royce rẹ́rìn-ín. Kò sẹ́ni tó bá a rín in. "Kí n wá fi kí ni lọ síbi iṣẹ́?"

"Iṣẹ́ wo?"

"Mọ́mì, ẹ bá a sọ̀rọ̀ o! Màá pe ṣẹ́rífù!"

"Tẹlifóònù nìyẹn. Sọ fún un pé ẹni tó lọ́kọ̀ ti wá gbé ọkọ̀ ẹ̀. Bó bá bi ẹ́ bó ṣe jẹ́ tèmi, kó o ṣàlàyé ìyẹn náà fún un. Mo ní àyè láti dúró."

Royce wo abọ́ rẹ̀, lẹ́yìn náà ó wo ìyá rẹ̀. Ojú ọmọ tí wọ́n gba bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ rẹ̀ ló ṣe, irùngbọ̀n rẹ̀ sì ti ń hewú.

"Àbúrò ẹ ni o, Verna," Oleta ní.

"Mo mọ̀. Mi ò gbàgbé ọjọ́ kan."

Oleta yọ kọ́kọ́rọ́ náà lórí ìṣó, ó gbé e sórí tábìlì bí ẹni pé ó gbóná. "Owó ọkọ̀ ńkọ́? Ó ṣì kù."

"Ẹ máa san án lọ. Ẹ̀yin lẹ mọ bí wọ́n ṣe ń san án lásìkò."

Verna kó ohun tó wà nínú ọkọ̀ dà sórí koríko: ọ̀pá ìpẹja, agolo bíà òfìfo, jákẹ́ẹ̀tì ìṣọdẹ, ìgò tí Royce máa ń tu omi tábà sí. Royce jáde wá nínú ìbọ̀sẹ̀, ó ń ṣà wọ́n. Ìgò yẹn ló kọ́kọ́ mú. Verna kò tún wo ẹ̀yìn.

Kó tó kúrò ní Dunmore, ó dúró níbi tí wọ́n ti ń ta epo, ó pe àwọn ọ́fíìsì àkọsílẹ̀ náà. Ọkùnrin tó dá a lóhùn béèrè ìdí tó fi fẹ́ yí nọ́ńbà padà, bóyá ẹlòmíràn ló ń dáhùn sí ti tẹ́lẹ̀.

"Ìyá mi ni," Verna ní.

Ọkùnrin náà ní kó ka nọ́ńbà tuntun fún òun.

Ní ọjọ́ Ẹtì, lẹ́yìn tí wọ́n ti yan jáde tán, Kaylin bá ìyá rẹ̀ rìn dé ibi tí ọkọ̀ wà, ó nà ró gangan nínú aṣọ iṣẹ́ rẹ̀. Ó dúró.

"Píkọ́ọ̀pù Ọ́ńkù Royce kọ́ lèyí?"

"Tèmi ni. Ó ń bá mi wà á ni."

Kaylin wo ìyá rẹ̀ títí. Kò béèrè mọ́. Ọmọ ilé náà ni. Ó ṣílẹ̀kùn, ó sì fọwọ́ bo imú.

"Mọ́mì, ó ń rùn."

"Ṣí fèrèsé," Verna ní. "Wọlé, ká lọ jẹun."