Ìlà Èédú ní Ojúgun Wa

Òórùn èéfín pupuru, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ tí wọ́n máa ń fi èéfín yan gbẹ, ló máa ń jí wa ní àsìkò ọlidé gígùn. Ìyá mi á ti jókòó sẹ́yìnkùlé ilé wa l'Ókìtìpupa, á máa fi ọ̀bẹ ha ibi tó jóná lára pupuru kúrò kó tó gbé e lọ sọ́jà. Bó bá ti ṣe tán, èmi àti Dàmọ́lá àbúrò mi á tò síwájú rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ gba abẹ́rẹ́. Á mú èédú, á fa ìlà kan sí ojúgun kálukú wa. Bí ìlà náà bá ti pòórá nígbà tó bá fi dé nírọ̀lẹ́, a jẹ́ pé a ti lọ wẹ̀ lódò nìyẹn.

"Wọ́n ní omi ò lọ́tàá," ni yóò wí. "Èmi gan-an lọ̀tá rẹ̀ títí ẹ ó fi padà sílé ìwé."

Ká sòótọ́, kò sí ohun tí a sọnù sódò. Àdúgbò wa dùn. À ń fo súwẹ̀, à ń yí táyà, à ń ṣe bojúbojú. Ìyá Rísíkà, télọ̀ tó ń gbé ní ọ̀ọ́kán wa, ni wọ́n fi wá ṣọ́. Òfin tiẹ̀ ni pé ibi tí òun ti lè rí wa láti ìdí maṣínì ni ká ti ṣeré. Bí a bá sún kọjá ibẹ̀ pẹ́nrẹ́n, á pe orúkọ wa, kò sì ní gbójú kúrò lára aṣọ tó ń rán.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan tí Ìyá Rísíkà lọ kírun, ọgbọ́n burúkú wọ orí mi. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí, Dàmọ́lá jẹ́ mẹ́fà. Ṣebí èédú kún ìdí ààrò, ta ló wá sọ pé ìyá mi nìkan ló lè fa ìlà? La bá gba odò lọ. Òjò ti rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, omi ti kún. Mo ní kí Dàmọ́lá dúró létí rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀, omi sì bò ó lórí. Irun rẹ̀ ni mo rí dì mú tí mo fi fà á jáde. Ẹ̀rù bà mí gan-an. Àmọ́ nígbà tí a ó fi délé, ẹ̀rù pàṣán ti gba ipò ẹ̀rù omi. Mo yá ṣòkòtò rẹ̀ níná, mo fún un ní ṣúgà kó má baà sọ, mo sì fa ìlà tuntun fún àwa méjèèjì.

Bọ́mọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Nírọ̀lẹ́, ìyá mi tẹjú mọ́ ìlà wa, tó dúdú, tó tọ́ bí èyí tí wọ́n fi rúlà fà.

"Ọma mi," ó ní, "o fo súwẹ̀ nínú iyanrìn látàárọ̀, òógùn ò kan ẹsẹ̀ rẹ?"

Dàmọ́lá, tí ṣúgà ṣì wà lẹ́nu rẹ̀, ló tú àṣírí. "Omi bò mí lórí. Irun mi ni Àǹtí Bùnmi fi fà mí jáde."

Mo dúró de pàṣán, pàṣán ò wá. Ìyá mi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó gbé Dàmọ́lá lé ẹsẹ̀, ó ki ìka bọ inú irun rẹ̀, ó ń dì í mú, ó ń tú u sílẹ̀. Lọ́jọ́ kejì mo ń yangàn kiri àdúgbò pé mo gba àbúrò mi là, wọn ò sì nà mí.

Dàmọ́lá ti di bàbá ọmọ báyìí. Ó máa ń sọ ìtàn náà bíi pé akọni ni mí, mo sì máa ń bá wọn rẹ́rìn-ín. Ìgbà tí èmi náà ń fi àwọn ọmọ mi sílé ní ọlidé ni mo tó rántí pé gbogbo ìbẹ̀rẹ̀ ọlidé ni ìyá mi máa ń ní kí wọ́n fá orí Dàmọ́lá kodoro. Lọ́dún yẹn, onígbàjámọ̀ wa rìnrìn àjò lọ sí Ìrẹ̀lẹ̀, kò tètè dé. Bùnmi ọmọ ọdún mẹ́wàá rò pé agbára òun ló fa àbúrò òun jáde. Èmi tí mo ti di ìyá mọ̀ pé irun tó yẹ kí wọ́n ti fá ni mo dì mú.